Ìbúra Bàbá Ọkọ Mi Lórí Òpó Afẹ́fẹ́

Ọjọ́ Ajé, 8 Disẹ́ńbà

Láti ìgbà tí Duarte ọkọ mi ti kú ni mi ò ti kọ nǹkan kan sínú ìwé yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ló mú kí n tún gbé e, torí bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá di ọ̀la, mo máa rò pé àlá ni mo lá.

Òkun dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀, irú èyí tí a kì í sábà rí nínú Disẹ́ńbà. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé abẹ̀bẹ̀ gun òpó afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń rì sójú òkun láti fi pèsè iná ti gbé ọ̀kan sókè, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà lórí òpó tí wọ́n ń retí rẹ̀. Èmi àti Nuno tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ wa, Duas Irmãs, a ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ tí wọ́n gbà wá fún, kí ọkọ̀ apẹja kankan má baà sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ni rédíò bá sọ̀rọ̀ pé kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Mo rò pé ènìyàn ti já bọ́. Wọ́n ní rárá, kò sẹ́ni tó ṣèṣe, ìjọba ló fi àṣẹ ránṣẹ́ láti Washington pé iṣẹ́ Gannet Shoal, iṣẹ́ òpó wa yìí, kò gbọdọ̀ tẹ̀síwájú mọ́. Wọ́n ní ó léwu fún ààbò orílẹ̀-èdè.

Nuno bọ́ fìlà lórí. "Ọ̀gá, ta ló fẹ́ wá gbógun tì wá níbí? Àwọn ẹyẹ òkun?"

Mo ń wo abẹ̀bẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà, bí ìgbà tí ènìyàn bu òkèlè dé ẹnu tí wọ́n ní kó dá a padà sínú àwo. Ìjọba kan náà ló fọwọ́ sí iṣẹ́ yìí. Òpó tó ti dúró lé ní ogójì, àwọn kan nínú wọn ti ń yí, iná wọn ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn. Àṣẹ náà ní kí àwọn tó ń yí máa yí lọ. Èyí tí a kò tíì parí ló léwu. Ó pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ jáde láti èbúté New Bedford, mi ò rí irú èyí rí.

Ọjọ́rú, 10 Disẹ́ńbà

Ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn òpó pè wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ti gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní Boston. Lọ́yà wọn, Prudence Hallowell, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà òjò wá sí ìpàdé, ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí tí ìjọba fi dá iṣẹ́ dúró wà nínú ìwé àṣírí, òun gan-an kò tíì fi ojú kàn án.

Nuno na ọwọ́. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ jẹ́jọ́ ohun tí wọn ò sọ fún yín?"

"Bí mo bá rí ìdáhùn sí ìyẹn," obìnrin náà fèsì, "ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ pè."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Ó wá sọ èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé abẹ̀bẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn ní Yúróòpù. Bí Jánúárì bá fi parí tí àṣẹ yìí ṣì dúró, ó ń lọ, a ò sì mọ ìgbà tí a tún máa rí irú rẹ̀. Iṣẹ́ kú nìyẹn, ọdẹ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà ti ríṣẹ́ tì.

Epo dísẹ́ẹ̀lì tún ti gbówó lérí. Wọ́n ní yìnyín ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Disẹ́ńbà

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn òbí Duarte. Àwọn ló ń gbé ìsàlẹ̀, èmi ń gbé òkè. Bàbá ọkọ mi, Baltazar Rezendes, ni olórí àwọn apẹja tí kò fẹ́ òpó afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ń jẹun nídìí rẹ̀. Òfin ilé yìí ni pé a kì í gbé e dé orí tábìlì. Lónìí mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo tilẹ̀ ti múra èsì sílẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, bu ọbẹ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Ojú rẹ ti wọlé."

Lẹ́yìn oúnjẹ a ta káàdì sueca, Bàbá àti Màmá Ermelinda lápá kan, èmi àti Nuno tó máa ń wá jẹ ọ̀fẹ́ lápá kejì. Wọ́n nà wá bí wọ́n ṣe máa ń nà wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Disẹ́ńbà

Lọ́yà Hallowell pè mí nígbà tí mo wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́. "Odília, Baltazar Rezendes, ṣé ẹbí rẹ ni?"

Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Ó ní ìjọba ti kó ìwé wọn wá sí kóòtù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ojú ewé rẹ̀ ni wọ́n ti fi yíǹkì dúdú pa rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó hàn ketekete ni ìwé ìbúra apẹja kan, tí wọ́n fi ń sọ pé òpó ń ba rédà jẹ́. Ó kà á sí mi létí. Ó ní ní ọjọ́ kan nínú Ọ̀kítóbà, nínú kùrukùru, nítòsí àwọn òpó náà, rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà níwájú han atukọ̀, nínú ọkọ̀ Bàbá, Estrela do Faial, kún fún àbàwọ́n tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Atukọ̀ kò mọ èyí tó jẹ́ òpó mọ́. Díẹ̀ ló kù kó kọlu ọ̀kan, bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ọdẹ kan tó pariwo fún un lórí rédíò.

Èmi ni ọkọ̀ ọdẹ yẹn. Èmi ni mo kígbe pé, "Bàbá, ẹ yí sápá ọ̀tún." Mo fi ẹrù ọjà sílẹ̀, mo jókòó síbi tí mo wà. Òótọ́ ni pé òpó wọ̀nyí máa ń dọ̀tí ojú rédà díẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìlà wọn hàn lójú rédà tèmi bí ebè inú oko. Tibério tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì, kò rí nǹkan kan.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé Bàbá kì í purọ́. Bí ẹja bá fi ìka kan kéré sí ohun tí òfin wí, inú omi ni wọ́n ń dá a padà sí, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Kí wá ni wọ́n rí?

Ọjọ́bọ̀, Kérésìmesì

A ti Máàsì dé, mo bá Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rú òfin ilé.

"Bàbá, mo gbọ́ nípa ìwé ìbúra yín."

"Mo mọ̀ pé wà á gbọ́."

"Rédà tèmi ò ní àbàwọ́n kankan lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. "Ìyàwó, mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Mi ò sọ ohun tí ìwọ rí, ìwọ náà má sọ ohun tí èmi rí."

Wọ́n wọlé. Ẹran àgbò dùn, àkàrà dídùn tí Màmá ṣe dùn, mi ò mọ adùn ìkankan nínú wọn. Nínú èmi àti bàbá yìí, ẹnìkan ń ṣìwèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Disẹ́ńbà

Olúwa ṣàánú wa.

A tún ń ta sueca. Ẹni tó bá mọ sueca mọ̀ pé bí wọ́n bá ju irú káàdì kan sílẹ̀, tí ìwọ ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, dandan ni kí o ju irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní i tó ju òmíràn ti yan jìbìtì. Bàbá Duarte tí wọ́n ti lé ènìyàn kúrò nídìí tábìlì rí nítorí rẹ̀, àwọn ni wọ́n ju káàdì dúdú sórí pupa lónìí, nígbà tí pupa mẹ́ta wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi rí i. Nuno rí i. Mo rí i. Kí Nuno tó la ẹnu, Màmá ti kó gbogbo káàdì papọ̀. "Ẹ̀bi mi ni," ni wọ́n wí, "mo ti yọ́ wo káàdì Odília. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ tuntun."

Màmá ò wo káàdì mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ohun tí etí mi ti ń gbọ́ láti bí ọdún kan tí mi ò kà sí. Gbogbo káàdì tó bá balẹ̀ ni Màmá máa ń pe orúkọ rẹ̀. "Ọba pupa nìyí látọwọ́ ìyàwó wa. Háà, Nuno ju méje dúdú, Nuno ò ní láárí." A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, a tilẹ̀ ń sín wọn jẹ. Lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n dìde lọ gbé kọfí, tí kò sí ẹni tó pe káàdì, ni Bàbá ṣì í.

Mo bá wọn nínú kíṣìnnì. "Màmá, ojú Bàbá ńkọ́?"

Wọ́n ń fọ ife, wọn ò yíjú. "Àárín ni kò rí mọ́. Wọ́n ń rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́."

"Wọ́n sì ń wakọ̀ lọ sójú òkun?"

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ? Wọn ò tíì sọ ọ́ fún èmi gan-an. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀."

Wọ́n fi ife tó mọ́ lé mi lọ́wọ́ kí n nù ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Jánúárì

Mo fẹ́ mọ̀ dájú, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá ó dára.

Mo ní kí Bàbá bá mi dé èbúté, pé rédà mi ń ṣe bákan. Inú wọn dùn pé mo bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń tàn sórí yìnyín. Nínú yàrá atukọ̀, mo tan ojú rédà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú rẹ̀ tàn lásán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá tẹ̀ sí i. Wọ́n wò ó pẹ́. "Wò wọ́n," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí mo rí nínú kùrukùru nìyí. Ọ̀kan tóbi láàárín, àwọn kéékèèké yí i ká. Bí mo bá wo ibí, wọ́n á bá mi débí. Bí mo bá wo ọ̀hún, wọ́n á bá mi lọ." Wọ́n yíjú sí mi, ayọ̀ wà lójú wọn. "Ó ti wà nínú tìrẹ náà. O rí i báyìí?"

Mo fẹ́ parọ́. Mo fẹ́ sọ pé mo rí i. Ẹnu mi ló kọ̀.

"Bàbá, rédà yìí ò tíì ṣiṣẹ́. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀."

Wọn ò bínú. Ọwọ́ wọn lọ tààrà síbi bọ́tìnnì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tún wò ó. Wọ́n gbójú sókè wo ògiri èbúté láti ojú fèrèsé, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, bí ẹni tó ń wá ibi tí àbàwọ́n náà kò sí. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, títí kan ọjọ́ tí a sin Duarte, mi ò rí ojú wọn bẹ́ẹ̀ rí.

"Gbé mi lọ sílé," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Ajé, 5 Jánúárì

Lọ́yà Hallowell tún pè. Kóòtù máa jókòó lọ́jọ́ kejìlá. Ó fẹ́ kí n búra nípa ohun tí rédà tèmi fi hàn lọ́jọ́ kùrukùru yẹn. Ó ní lọ́yà ìjọba máa bi mí léèrè ìdí tí ojú méjì fi rí nǹkan méjì lórí omi kan náà. "Ṣé ohun kan wà tó yẹ kí n mọ̀?"

Mo ní mo máa pè é padà.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa gbọ́, kò sì sí adójútòfò tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ afọ́jú. Wọ́n á so Estrela do Faial mọ́lẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ìbúra tí kì í ṣe òótọ́ ló máa dúró níwájú adájọ́, ọkọ̀ ńlá á lọ sí Yúróòpù, Nuno àti gbogbo wa á padà sílé. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mi ò pè é padà.

Ọjọ́rú, 7 Jánúárì

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ni. Wọn ò gun òkè wá rí láti ìgbà tí Duarte kú. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ò ní jókòó.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Lọ́yà rẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì dá a lóhùn."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹyin lohùn, mo ti jẹ́ kó bọ́. Èmi tí mo fi ẹnu mi búra ni mo máa fi ẹnu mi tú u. Ìwọ má dá sí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ní èbúté pé ìyàwó ọmọ mi ló tà mí."

"Bàbá, ẹ mọ ohun tó máa ná yín."

"Mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ." Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó yíjú padà. "Má rò pé mo ti fẹ́ràn àwọn òpó yín o. Mo kórìíra wọn bí mo ṣe kórìíra wọn lánàá."

Mo sunkún. Mo kọ ọ́ síbí torí pé kò sí ẹni tó rí mi.

Ọjọ́ Ajé, 12 Jánúárì

Èmi ni mo wakọ̀ dé Boston nínú yìnyín. Bàbá wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè Kérésìmesì wọn. A ò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà àfi ìgbà tí wọ́n ní mo ń sáré jù.

Lọ́yà ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe jẹ́jẹ́, bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni rí olùgbàlà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo wá gba ìwé mi padà." Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn lọ́yà wọ inú lọ sọ fún adájọ́, obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun bíi ti Màmá, adájọ́ sì ní kí bàbá náà wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Wọn ò pẹ́ nídìí rẹ̀. "Mo sọ pé mo rí àbàwọ́n lójú rédà. Mo rí i lóòótọ́. Inú ojú mi ló wà. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo búra. Mo ti mọ̀ báyìí, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé ẹjọ́."

Lọ́yà ìjọba dìde. Bóyá ó fẹ́ gba díẹ̀ là nínú rẹ̀ ni, mi ò mọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Rezendes, ṣé ẹ ti wá fara mọ́ iṣẹ́ yìí ni?"

"Bó bá ṣe tèmi ni, mà á hú gbogbo wọn lónìí," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ni mà á fi hú wọn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo di apá wọn mú jáde. Mo rò pé a ti rí ohun tó máa mú wa borí ẹjọ́ náà. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Jánúárì

Ó wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Adójútòfò pe Bàbá kí wọ́n tó mu kọfí tán. Lọ́sàn-án, Tibério lọ so Estrela do Faial mọ́ èbúté ní okùn méjì-méjì, bí a ṣe ń so ọkọ̀ tí kò ní lọ síbì kankan. Bàbá bá a lọ, wọ́n ṣàyẹ̀wò ìdè kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtàǹpàkò. Àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn méjì rí wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Jánúárì

Adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ máa tẹ̀síwájú títí ẹjọ́ á fi parí. Nuno pariwo lórí fóònù títí etí mi fi ń hó. Adájọ́ ní òun ti ka ìwé àṣírí náà nínú yàrá òun, òun ò rí ibi tí ìjọba ti ṣàlàyé ìdí tí òpó tó ń yí kò fi léwu tí èyí tí a kò tíì parí fi léwu.

Mo gbé ìdájọ́ náà lọ sísàlẹ̀ láti kà á fún Bàbá. Mo ti fẹ́ ka gbólóhùn tó kàn wọ́n dáadáa, torí náà mo wá a. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, nínú lẹ́tà wẹẹrẹ. Mo kà á ní ìdákẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kà á síta," ni Bàbá wí.

Mo kà á. Adájọ́ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti gbé ìwé ìbúra apẹja náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ò sì fi í ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ìjọba ti pàṣẹ tán ni wọ́n kọ ọ́, ohun tí kò sì sí níwájú wọn lọ́jọ́ àṣẹ kò lè jẹ́ ìdí àṣẹ. Ó tán. Lọ́yà Hallowell gan-an ò rò pé ó máa rí bẹ́ẹ̀.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ìyẹn ni pé," Bàbá rọra sọ ọ́, "bí mo bá jókòó sílé mi, ẹ̀yin lẹ ṣì máa borí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọkọ̀ mi á sì wà lọ́wọ́ mi."

Màmá tó ń bó ànàmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì ló dáhùn, wọn ò sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọkọ̀ á wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin á sì ti lọ sọrí mọ́ òpó kí Àjíǹde tó dé. Èmi ni wọn ì bá gbé òkú fún. Mo ti gba ọ̀kan nínú ilé yìí, ó tó mi."

Bàbá wò wọ́n, tàbí kí n sọ pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe báyìí. Mo rò pé wọ́n máa bínú. "O ti mọ̀ látìgbà wo?"

"Ẹ gbé káàdì wá," ni Màmá wí.

Ọjọ́rú, 21 Jánúárì

Abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Disẹ́ńbà ti dé orí òpó rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìjọba ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọkọ̀ ńlá sì lè máà rí gbogbo òpó tó kù parí kó tó lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń jó. Òtútù pọ̀. Nuno ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́.

Nǹkan bí ọ̀sán, kùrukùru bò wá, fóònù mi sì dún. Bàbá ni, láti ilé.

"Kí ló wà lójú rédà rẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó fún wọn, láti ìlà àkọ́kọ́, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí wa àti apá ibi tó wà. Mo ka ọkọ̀ ńlá, mo ka ọkọ̀ apẹja kan tó ń kọjá lápá gúúsù. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi dúró. Wọ́n ní àwọn òpó yẹn ti pọ̀ jù, pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Mo ní mo gbọ́, ṣé kí n pa fóònù?

Wọ́n ní rárá, kí n máa kà á lọ.